Ìdánwò Tí Mi Ò Fún Kọ́lápọ̀

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣiṣẹ́ nínú bàálù tí kò fò rí. Inú gbọ̀ngàn ńlá kan ló wà nílùú Ọba, lórí ẹsẹ̀ irin mẹ́fà tó ń ga tó ń kúrú bí ìgbà tí èèyàn ń mí. Símúlétọ̀ ni wọ́n ń pè é, ẹ̀rọ tí àwọn awakọ̀ bàálù fi ń kọ́ṣẹ́. Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ ọ, wàá rí ojú ọ̀run níwájú, wàá gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, ìdí rẹ á sì máa sọ fún ọ pé o ti kúrò nílẹ̀. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Èèyàn lè já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta níbẹ̀ láàárọ̀, kó sì jáde lọ jẹun ọ̀sán.

Àwọn tí mo rí tó já lulẹ̀ níbẹ̀ pọ̀, mi ò rántí ojú wọn mọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni mi ò lè gbàgbé, ẹni náà kò sì já lulẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ kó já.

Okokomaiko ni mo ti lọ. Ilé wa kò jìnnà sí ibùdókọ̀. Ọjà Àlàbá ni mo ti kọ́ṣẹ́ àtúnṣe rédíò àti tẹlifíṣàn, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó jẹ́ Ìbò, ẹni tó máa ń gbá wa létí bí a bá fi súkúrúdíráífà kan ẹ̀rọ kí a tó tẹ́tí sí i. Nígbà tí ìjọba gbé ètò ọrọ̀ ajé SAP dé, tí náírà já wálẹ̀, ẹrù kò wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi sì pa dé. Bí mo ṣe rìnrìn àjò kò ṣe pàtàkì. Mo lọ, mo sì débẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí kì í ṣe òtútù, nítorí gbogbo ayé ló ti kìlọ̀ òtútù fún mi. Àìkíni ni. Ní Okokomaiko, láti ẹnu ọ̀nà wa dé ibùdókọ̀, mo lè kí ogún èèyàn, kí mẹ́wàá nínú wọn sì béèrè màámi. Lọ́jọ́ kejì tí mo dé Ìlú Ọba, mo kí bàbá kan lórí àtẹ̀gùn ilé tí mò ń gbé. Ó bojú wẹ̀yìn, ó fẹ́ mọ ẹni tí mò ń kí. Mo kí i fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo jáwọ́. Lọ́jọ́ tí mo jáwọ́ yẹn, mo dúró sórí àtẹ̀gùn náà fún ìgbà díẹ̀, ó ń ṣe mí bí ẹni tó sọ nǹkan nù tí kò mọ ohun tó sọ nù.

Iṣẹ́ ìnulẹ̀ ni mo rí, nílé-ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀ bàálù yẹn. Ẹni tó ń nu ilẹ̀ kò ní orúkọ. Èèyàn á máa sọ ọ̀rọ̀ àṣírí lórí orí rẹ bí ẹni pé àga ni ọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù, màámi á ti ṣọ́ọ̀ṣì gba ṣọ́ọ̀bù tẹlifóònù kan lọ nítòsí ibùdókọ̀, wọ́n á jókòó tàwọn ti aṣọ funfun wọn títí ipè mi á fi wọlé. Nígbà mìíràn kì í wọlé rárá, wọ́n á tún padà sílé.

"Ṣé o ti jẹun?" Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn nígbàkúùgbà.

"Mo ti jẹun, mà."

"Kí lo jẹ?"

"Ìrẹsì, mà."

"Ìrẹsì àná ni àbí tòní?"

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe máa ń mọ̀.

"Iṣẹ́ wo gan-an lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Ìdí bàálù ni mo wà, mà."

Mo gbọ́ tí wọ́n kọjú sí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ní, "Ọmọ mi ń fi bàálù ṣiṣẹ́." Ohùn wọn dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fi lè tún un ṣe.

Ọdún kejì ni mo kúrò nídìí omi àti ìnulẹ̀. Àìsàn kan ń ṣe símúlétọ̀ náà, tó ń wá tó ń lọ. Bó bá ti yí sápá òsì, ojú ọ̀run iwájú rẹ̀ á ṣú, á sì tún mọ́. Àwọn ẹnjiníà tú u fún ọjọ́ mẹ́ta, wọn ò rí nǹkan kan. Èmi ń nu ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Mo gbọ́ pé bó bá ti ń yí sósì, nǹkan kan ń dún "tá" nínú ikùn rẹ̀. Mo sọ fún olùkọ́ àgbà, Mísítà Péríì. Ọkùnrin gíga ni, irun rẹ̀ ti funfun, òun fúnra rẹ̀ sì ti wa bàálù fún ọgbọ̀n ọdún. Ó bọ́ kóòtù, ó dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó tẹ́tí.

"Mo gbọ́ ọ," ó ní. "Níbo?"

Mo tọ́ka sí i. Wáyà kan ló ti já kúrò lára lẹ́ẹ̀dì, òjé tí wọ́n fi jó o mọ́lẹ̀, tó kàn ń fara kan ibẹ̀ lásán. Mo jó o padà. Mísítà Péríì béèrè orúkọ mi. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta títí ó fi jọ orúkọ. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi mí sídìí pátákó bọ́tìnì tó wà lẹ́yìn àga àwọn awakọ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi òjò, ìjì àti àìsàn ẹ́ńjìnnì dán wọn wò. Bí ó bá ti sọ fún mi, èmi ni màá tẹ̀ ẹ́.

Báyìí ni mo ṣe mọ ọtopáílọ́ọ̀tì, ẹ̀rọ tó ń bá awakọ̀ wa bàálù. Awakọ̀ á sọ ibi tó ń lọ àti gíga tó fẹ́ fún un, á sì ká ọwọ́ kúrò. Ẹ̀rọ náà kì í sùn, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Ó dára gan-an, ohun tó sì jẹ́ ìṣòro rẹ̀ nìyẹn. Mísítà Péríì ní fáìlì kan tó nípọn, tó kún fún ìròyìn àwọn bàálù tó ti já. Kí ọmọ ẹ̀kọ́ tó wọ símúlétọ̀, á kọ́kọ́ ka ọ̀kan fún un. Ó ka ti àwọn awakọ̀ tí gílóòbù kékeré kan kú níwájú wọn, tí gbogbo wọn kóra jọ lé gílóòbù náà lórí, wọ́n rò pé ẹ̀rọ ń gbé àwọn dúró lókè. Ẹ̀rọ ti já sílẹ̀, ó ti jáwọ́ nínú wíwa bàálù, kò pariwo, bàálù sì ń rọra sọ̀kalẹ̀ títí ó fi kan ilẹ̀. Ó tún ka ti ibi tí ẹ́ńjìnnì kan ti ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Bàálù fẹ́ yí sápá kan, ọtopáílọ́ọ̀tì ń fà á padà, ó ń fà á, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí agbára rẹ̀ pin, ó já gbogbo ẹrù náà lé awakọ̀ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí mo bá fi èdè wa sọ ohun tó máa ń sọ, òun nìyí: "Ẹ bẹ̀rù ẹni tó ń ru ẹrù tí kì í ráhùn. Ẹ ò ní mọ bó ṣe wúwo tó, àfi lọ́jọ́ tó bá sọ ọ́ lé yín lórí."

Mo máa ń rò ó nígbà náà pé ọ̀rọ̀ èmi náà nìyẹn. Ọdún kẹrin, ọdún karùn-ún, mò ń jí, mò ń ṣiṣẹ́, mò ń sùn. Bí wọ́n bá béèrè láti ilé, mo ní dáadáa ni. Mi ò gbọ́ Yorùbá àfi lórí tẹlifóònù. Àwọn ará wa wà nílùú ńlá, wákàtí mẹ́ta sí ibi tí mo wà. Nígbà míì mo máa ń ka nǹkan sókè nínú yàrá, ení, èjì, ẹ̀ta, kí ahọ́n mi má bàa gbàgbé. Ẹni tí kò bá tíì dá wà bẹ́ẹ̀ rí lè má mọ ìdí tí mo fi ṣe ohun tí mo ṣe.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni Kọ́lápọ̀ dé. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń fi bàálù kó ẹrù nílé ló rán an wá láti gba ìwé àṣẹ. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ó fá irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, bàtà rẹ̀ ń dán. Mo ń so wáyà lọ́wọ́ nígbà tó rí orúkọ mi lórí àyà aṣọ iṣẹ́ mi.

"Ẹ̀gbọ́n!" Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ gbọ̀ngàn náà, lójú àwọn òyìnbó. "Ẹ káàárọ̀, sà!"

Mo ju wáyà sílẹ̀, mo fà á lọ́wọ́.

"Dìde, jọ̀ọ́. Níbo lo ti wá?"

"Ìbà ni, sà."

"Ìbà wo? Ìbà tiwa?"

"Ìbà mélòó ló wà, ẹ̀gbọ́n? Ibẹ̀ ni ìyá mi ti ń ránṣọ."

Ìyá mi ní Okokomaiko, ìyá rẹ̀ ní Ìbà, èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn ín. Ọjọ́ Sátidé, ó wá síbi mi lọ́sàn-án, ó kó gàrí wá. A tẹ ẹ̀bà, a jẹ ẹ́ pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja tí mo sè, a sì ń sọ̀rọ̀ títí ẹnu fi ń ro wá. Ó mọ ìlà tí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi wà ní Àlàbá. Ó mọ ọ̀nà àbùjá tó wà ní Àjàǹgbàdì. Ó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, mo sì ń padà di èèyàn.

Awakọ̀ tó mòye ni. Àmọ́ ó ti mọ́ ọn lára láti jẹ́ kí ẹ̀rọ máa wà á. Nígbà tí Mísítà Péríì fún un ní ìdánwò ẹ́ńjìnnì tó ń kú díẹ̀díẹ̀, nínú ìkùukùu, èmi ni mo tẹ bọ́tìnì náà. Mò ń wo sítíárìn tó ń rọra yí fúnra rẹ̀ sápá ọ̀tún níwájú rẹ̀. Kọ́lápọ̀ ń wo ìwé tó wà lórí itan rẹ̀. Eré bàálù ń dínkù. Lẹ́yìn náà aago dún, ọtopáílọ́ọ̀tì já sílẹ̀, gbogbo ayé sì dojú dé. Ó gbá sítíárìn mú, kò mọ ibi tí òkè wà. Iná pupa tàn, ẹ̀rọ náà sì dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni wọ́n ń pè ní ikú níbẹ̀.

"O ti kú," Mísítà Péríì sọ fún un, kò pariwo. "O ti kú kí aago tó dún. Lọ́la a ó tún un ṣe. Bí o kò bá rí i lọ́la, mi ò ní fọwọ́ síwèé."

Lọ́jọ́ kejì, Mísítà Péríì jókòó lápá ọ̀tún rẹ̀, èmi wà lẹ́yìn wọn. A ti wà nínú ìkùukùu nígbà tí wọ́n wá pe Mísítà Péríì sí tẹlifóònù. Ìyàwó rẹ̀ wà ní ọsibítù láti ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó dìde, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Fún un ní èyí tó dákẹ́ yẹn, nígbàkúùgbà tó bá wù ọ́," ó sọ fún mi. "Mò ń bọ̀."

Ilẹ̀kùn pa dé. Ó ku èmi àti Kọ́lápọ̀. Kò yíjú padà.

"Ẹ̀gbọ́n."

Mo gbé ọwọ́ lé pátákó bọ́tìnì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ fún mi ní èyí tó ń dún aago. Èyí tí ẹ́ńjìnnì ń kú lẹ́ẹ̀kan náà. Mo mọ ìyẹn."

"Kì í ṣe ohun tí wọ́n ní kí n fún ọ nìyẹn."

"Bí mo bá padà láìsí ìwé yìí, wọ́n á lé mi. Màá kọ́ ekejì nílé, mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí. Ẹ ti rí mi, ẹ mọ̀ pé mo lè wà á. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n padà lọ bá màámi lọ́wọ́ òfo."

Bọ́tìnì méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo tẹ èyí tó ń dún aago. Kọ́lápọ̀ já ọtopáílọ́ọ̀tì sílẹ̀, ó tẹ pẹ́dà, ó mú bàálù dúró ṣinṣin bí ẹní gbé omi kíkún. Ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Mísítà Péríì padà dé. "Ṣé o fún un?"

"Mo fún un, sà."

"Èyí tó dákẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó rí i kí imú bàálù tó yí."

Ó wo ojú mi. Kò wo pátákó bọ́tìnì, bẹ́ẹ̀ ohun tí mo tẹ̀ ṣì hàn lójú pátákó náà. Ó fọwọ́ síwèé.

Oṣù mẹ́rìnlá lẹ́yìn rẹ̀, lọ́jọ́ Ìsinmi, màámi kò béèrè bóyá mo ti jẹun.

"Ṣé o rántí ọmọ Ìbà tí o ní ó wá sọ́dọ̀ rẹ? Ọmọ ìyá aránṣọ?"

"Mo rántí rẹ̀, mà."

"Bàálù rẹ̀ já. Òun àti àwọn méjì mìíràn, ní orílẹ̀-èdè kan báyìí, nínú òjò. Wọn ò rí òkú wọn kó délé tán."

Mo gbọ́ tí wọ́n ń pe orúkọ mi, "Hẹ́lò? Hẹ́lò?" títí ipè fi já.

Mo wá ìròyìn náà kiri. Nígbà tó dé fáìlì Mísítà Péríì, ojú ìwé méjì péré ni. Bàálù wà nínú ìkùukùu, ó ń sọ̀kalẹ̀. Ó yí sápá òsì, ó sì já. Ẹ̀rọ tó ń gba ohùn wọn sílẹ̀ ti jóná. Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì òsì lè ti ní àbùkù, wọ́n ní ó sì lè má ní. Wọn ò mọ̀. Èmi náà ò mọ̀ títí dòní. Ó lè jẹ́ ohun mìíràn pátápátá. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, bí mo bá wà nínú símúlétọ̀ tí sítíárìn kan bá ń rọra yí fúnra rẹ̀, mo máa ń gbọ́ ẹni tó ń sọ pé "ẹ̀gbọ́n." Kì í pariwo. Bó ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn náà ni.

Mo gbé e fún oṣù márùn-ún. Lẹ́yìn náà mo lọ bá Mísítà Péríì ní ọ́fíìsì rẹ̀, mo sọ ọ́ látòkè délẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú nígbà náà. Ó gbé ọwọ́ lé fáìlì.

"O parọ́ fún mi," ó ní.

"Mo parọ́, sà."

"Mo sì fi ìwọ nìkan sílẹ̀ níbẹ̀. Mo padà dé, mo béèrè lọ́wọ́ rẹ, mi ò wo ohun tó wà níwájú mi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń sọ fún èèyàn pé kí wọ́n máa wò."

Òun fúnra rẹ̀ kọ ìwé sí àwọn ọ̀gá, ó kọ ẹ̀bi tirẹ̀ síwájú tèmi. Wọ́n yọ mí kúrò nídìí bọ́tìnì. Mo padà sídìí àtúnṣe wáyà, lábẹ́ ẹ̀rọ, níbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣòfin pé èèyàn méjì ni yóò máa wo ìdánwò kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n á sì tẹ ohun tí ẹ̀rọ kọ sílẹ̀ jáde sórí ìwé. Àwọn èèyàn ní ohun rere nìyẹn. Ohun rere ni.

Mo ń ronú nígbà náà bóyá ilé lè tún jẹ́ ilé fún mi. Mo ti rò pé ohun tí Ìlú Ọba gbà lọ́wọ́ mi ni kíkí àti orúkọ. Nígbà tí ẹnì kan wá dá a padà fún mi, mo fi ìwé àṣẹ san án. Mi ò lè sọ pé òyìnbó ló kọ́ mi níyẹn, mi ò sì lè sọ pé nílé ni mo ti kọ́ ọ. Èmi ni mo ṣe é.

Láàárín àwọn ọdún 1990, mo wá sílé. Màámi ti darúgbó sí i. Lọ́jọ́ kẹta, mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìbà.

Obìnrin tín-ín-rín kan ni mo bá nídìí máṣíìnì, ní ojúlé tó kọjú sí títì, ó ń rán yunifọ́ọ̀mù iléèwé. Fọ́tò Kọ́lápọ̀ wà lára ògiri, tòun ti fìlà iṣẹ́ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n tó sebẹ̀ ẹja fún un," wọ́n ní. "Ó sọ ọ́ fún mi. Jókòó."

Mi ò jókòó. Mo sọ fún wọn lórí ìdúró, bọ́tìnì méjèèjì, ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, irọ́ mi. Wọ́n gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì.

"Ṣé ohun tó pa á nìyẹn?"

"Mi ò mọ̀, mà. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Báwo ló ṣe bẹ̀ ọ́? Sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́."

Mo sọ ọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n padà lọ bá màámi lọ́wọ́ òfo."

Wọ́n di ojú. Ètè wọn ń mì, bí ẹni tó ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ nínú. Mọ́tò kọjá lójú títì, òmíràn tún kọjá.

"Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe bẹ tíṣà rẹ̀ nígbà tó wà ní ìwé kẹfà," wọ́n ní. "Èmi ni mo bá a kúnlẹ̀ níbẹ̀."

Wọ́n gbé ọwọ́ lé yunifọ́ọ̀mù tó wà lórí máṣíìnì.

"Nígbà tí bàálù yí, ṣé ẹ̀rù bà á?"

Mo mọ ohun tí ìyá ń fẹ́ gbọ́. Ó wà lórí ahọ́n mi, ó rọrùn, kò sì sẹ́ni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò láyé.

"Mi ò mọ̀, mà," ni mo sọ.

Wọ́n la ojú, wọ́n wò mí. Mo rò pé wọ́n á lé mi jáde, mo tilẹ̀ ń retí rẹ̀.

"Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wá, ó ní ẹ̀rù ò bà á. Pásítọ̀ ní ẹ̀rù ò bà á. Gbogbo ẹni tó ti jókòó síbí ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi." Wọ́n fa aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́ padà. "Ìwọ nìkan lo ní o ò mọ̀."

Òwú máṣíìnì ti já, wọ́n ń gbìyànjú láti ki í bọ ojú abẹ́rẹ́. Lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì.

"Sún kúrò lẹ́nu ọ̀nà," wọ́n ní. "O dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ mi lójú."

Mo sún kúrò.